Ohun Tí Ojú Mi Rí Kí Ó Tó Dúró

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló kọ́kọ́ tú àṣírí ojú mi. Ẹ̀gbẹ́ ọjà ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ti ń ṣe POS nígbà náà, ọmọ ọdún 24 ni mí. Bàbá àgbàlagbà kan wá gba 13,000 lọ́jọ́ ọjà. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, bébà jáde, mo gbé bébà sókè, 18,000 ni mo rí, mo sì ka 18,000 lé bàbá lọ́wọ́. Bàbá náà ò kà á. Ìgbà tí mo ṣírò owó lálẹ́ ni mo rí i pé kò pé. Mo ti ń fura sí ọmọ tó máa ń bá mi jókòó, àfi bí bàbá yìí ṣe yọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì lórí ọ̀kadà: "Òkun o, ọmọ mi. Owó rẹ wà lọ́wọ́ mi o." Mo dúpẹ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tó lọ tán, mo tún wá bébà yẹn jáde, mo wò ó. 18,000 náà ni mo ṣì ń rí. Mo fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, mo fi òsì nìkan wò ó: 13,000.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí bí ìríran náà ṣe rí, torí òun gan-an ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè yé ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ojú mi ṣókùnkùn. Kì í sì í ṣe ọ̀ọ́kán nìkan ni mi ò rí. Ńṣe ni gbogbo nǹkan ní òjìji tó lẹ̀ mọ́ ọn, bíi fọ́tò tí ọwọ́ ẹni tó yà á gbọ̀n. Ẹnu 3 tó yẹ kó ṣí sílẹ̀ lápá òsì, òjìji ara rẹ̀ ló dí i pa, ló bá di 8. Lóru, iná ọ̀kadà tó ń bọ̀ á nà jáde bí ìràwọ̀ onírù. Òṣùpá kan ṣoṣo tí Ọlọ́run dá, mẹ́rin ni tèmi, wọ́n gun ara wọn lé. Ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń rí i bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo ayé nìyẹn. Ta ni yóò jókòó kó máa bi ẹnìkejì rẹ̀ pé òṣùpá mélòó lo rí?

Awò ojú mẹ́ta ni mo rà láàárín ọdún méjì. Ti àkọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́ fún bíi oṣù mẹ́rin. Ìkejì, bíi oṣù méjì. Ẹni tó ta ìkẹta fún mi yí nọ́ńbà sókè, ó ní kí n yéé tẹ fóònù lóru, ó gba owó rẹ̀. Èmi náà gbà pé fóònù ni. Nílé, oníkálukú ló ní tirẹ̀ lẹ́nu. Àbúrò màmá mi ní àdúrà ni. Ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ẹ̀rù àrùn odò ló ń bà wọ́n. Wọ́n mọ àwọn èèyàn tí kòkòrò etí odò jẹ títí ojú wọn fi fọ́ pátápátá. Èmi náà rántí bí wọ́n ṣe máa ń tò wá síwájú igi tí wọ́n kùn ní ìlà nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n á fi wọn gíga wa kí wọ́n tó fún wa ní hóró oògùn yẹn. "Ṣé o lo oògùn rẹ pé lọ́dọọdún?" Ìyá àgbà á bi mí. Mo lò ó pé. Kì í ṣe èyí.

Ìlọrin ni ẹnì kan ti kọ́kọ́ fi ọgbọ́n wo ojú mi. Mo lọ ra káádì àti bébà POS, mo ní kí n kúkú yà ní ọsibítù ńlá kan níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wọn ojú mú tọ́ọ̀ṣì kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó tàn án sí mi lójú láti ibi tó jókòó sí, ó ń mì ín lọ sọ́tùn-ún sósì. Ó dákẹ́. Ó tún un ṣe. Ó ní lára ojú tó dá, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà wá máa ń sún lọ sún bọ̀ lódindi, ṣùgbọ́n tèmi ń là sí méjì, ó ń ṣí, ó ń padé, bíi sísọ́ọ̀sì. Ó wá béèrè ọ̀rọ̀ tí mi ò retí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ojú máa ń yún yín?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ bi gbogbo àdúgbò wa. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí ní Olójú-pupa. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku bẹ̀rẹ̀, tí kajú bá tún wá tanná lé e, ojú mi parí nìyẹn. Mo máa ń fi oríkèé ìka rin ín, àtàǹpàkò á sì tún tẹ̀lé e, títí omi á fi máa dà. Ẹ̀yin tí ojú kì í yún, ẹ ò lè mọ adùn tó wà níbẹ̀. Tó bá le jù, màmá mi á ra oògùn ẹ̀kán kan wá láti kẹ́míìsì, ẹ̀kán kan péré ni ojú á ti funfun báláú. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí yí ìpéǹpéjú mi síta, ó ní inú rẹ̀ kún fún kókó kéékèèké. Ó ní ojú yíyún yìí jẹ́ àìsàn kan láyè ara rẹ̀, pé ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọdé níbi tí oòrùn àti eruku bá ti pọ̀, pé rírin tí mo ń rin ojú láti ọdún wọ̀nyí wá ti ba nǹkan jẹ́. Ní ti oògùn kẹ́míìsì yẹn, ó ní irú oògùn tó ń pa ìyún lójú ẹsẹ̀ báyìí lè jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, tí èèyàn bá ń dá a lò láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè títí ojú á fi fọ́, láìní ìrora kankan. Ó wọn ìfúnpá mi lọ́jọ́ náà. Ọlọ́run ló yọ mí níbẹ̀.

Àmọ́ ohun tó fura sí, wọn ò ní ẹ̀rọ tí wọn á fi rí i dájú. Ó kọ ìwé fún mi, ó ní kí n lọ ya àwòrán iwájú ojú ní Àbújá. Ó kọ orúkọ àrùn náà sílẹ̀: keratoconus.

Láti Ìsánlú dé Mopa, Mopa sí Kàbà, títì oníkọnkéré láti Kàbà dé Obajana, Lọ́kọ́ja, Abaji, Gwagwalada: mo ti mọ ọ̀nà yẹn báyìí bí mo ṣe mọ ẹ̀yìnkùlé wa. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tí mo ń lọ bá. Wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kí n máa wo iná pupa tó wà láàárín. Ìṣẹ́jú méjì, wọ́n ti ṣe tán. Dókítà, obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi. Àwòrán bíi máàpù ló wà níbẹ̀. Ibi tó tẹ́jú jẹ́ búlúù àti àwọ̀ ewé, ibi tó ga jẹ́ pupa. Ojú òsì mi, pupa rẹ̀ kò tó nǹkan. Ti ọ̀tún, àfi bí ẹni tó da epo pupa sí ìsàlẹ̀ àwo.

Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní awọ tó mọ́ gaara bíi dígí tó wà níwájú ibi dúdú ojú, òun ni wọ́n ń pè ní kọ́níà. Ó yẹ kó rí roboto bí ẹ̀yìn igbá. Tèmi ti ń rọ̀, ó ń fẹ́lẹ́, omi inú ojú sì ń tì í síta díẹ̀díẹ̀, ó ti ń ṣu ṣónṣó sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí awò kankan kò fi lè tún un ṣe, torí awò ń tún ojú tó tẹ̀ lọ́nà kan náà ṣe ni, kò lè tún èyí tó rí págunpàgun ṣe. Ó ní ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń sáré láàárín ọdún 15 sí 30, tí èèyàn bá ti ń sún mọ́ 40, kọ́níà á ti máa le fúnra rẹ̀, àrùn náà á rọlẹ̀.

Nọ́ńbà tó kọ fún mi wà lọ́wọ́ mi di òní. Ojú ọ̀tún: ibi tó ga jù, 54.2, ibi tó fẹ́lẹ́ jù, 452. Ojú òsì: 46.9 àti 487. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ó ṣe tẹ̀ tó, tèèyàn tí ojú rẹ̀ dá máa ń wà ní nǹkan bíi 43 tàbí 44. Ìkejì ń sọ bí ó ṣe nípọn tó ní máíkírọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹgbẹ̀rún kan nínú mìlímítà kan, ti ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń tó 540 láàárín ojú. Ó ní ohun tó kàn ni cross-linking, ìyẹn iṣẹ́ kan tí wọ́n máa ń ṣe sí kọ́níà kó má baà ṣu ṣónṣó sí i.

Mo bi í pé, "Dókítà, tí mo bá ṣe é, ṣé màá ríran dáadáa?"

Ó ní, "Rárá. Á dá a dúró ni."

Ibí yìí ni mo ti ṣe òmùgọ̀. Mo wo owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ojú kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀kadà tuntun. Mo wá ń rò ó lọ́kàn nínú mọ́tò títí mo fi délé: kí n kó irú owó báyìí sílẹ̀, kí n má sì ríran ju bí mo ṣe ń ríran lọ? Ta ló ń ra nǹkan bẹ́ẹ̀? Ẹni tí orule rẹ̀ ń jò, ṣé ó máa ń sanwó fún káfíńtà tó ní òun ò ní dí i, òun á kàn rí i pé kò jò jù báyìí lọ? Mo sọ ọ́ fún àwọn ará ilé báyẹn gan-an, gbogbo wọn gbè mí lẹ́yìn. Àbúrò màmá mi ní ẹnì kan wà ní Ẹ̀gbẹ̀ tó mọ ewé ojú. Mo lọ. Ẹ jẹ́ kí n má sọ ohun tó kán sí mi lójú, omi tó dà lójú mi lọ́jọ́ náà tó ewúrẹ́ mu. Mo tún ṣírò tèmi lọ́tọ̀ pé, ó ní ó ń dúró fúnra rẹ̀ tó bá di 40. Láti 26 dé 40 ṣáà ni.

Oṣù mẹ́sàn-án kọjá. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Ohun tó gbé mi padà sí Àbújá ni pé mo ti fi ọ̀kadà tẹ ajá kan tí mo rò pé òjìji rẹ̀ ni mo rí, ìyẹn ni pé mo rí ajá méjì, mo yà fún èyí tí kò sí. Mi ò farapa púpọ̀. Ajá kú. Wọ́n tún ya àwòrán. Ojú ọ̀tún: 57.8 àti 421.

Dókítà kò bú mi. Ó kàn mú kálámù, ó ṣírò rẹ̀ níwájú mi. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ká awọ fẹ́lẹ́ òkè, tó nípọn tó nǹkan bíi 50, kúrò. Ohun tó bá kù gbọ́dọ̀ tó 400, kí ìtànṣán tí wọ́n máa lò má baà wọlé jù kó lọ pa àwọn ẹ̀yà tó wà nísàlẹ̀ lára. "Nígbà tí o kọ́kọ́ wá," ó ní, "452, yọ 50: 402. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó, ṣùgbọ́n ó tó. Báyìí, 421, yọ 50." Ó dá kálámù dúró kí n parí rẹ̀ fúnra mi. 371. Ẹni tó ń fi owó onílé owó ṣòwò, ìṣirò yìí kò ṣòro fún un. Ó ní ọ̀nà wà, pé oríṣi ẹ̀kán kan wà tó máa ń mú kí kọ́níà fa omi mu kó wú fún ìgbà díẹ̀, pé a máa gbìyànjú rẹ̀, tí kò bá wú tó lọ́jọ́ náà, wọn ò ní lè ṣe é.

Màmá mi ta kajú ọdún náà tán sórí ojú mi. Àjọ tí mo ń dá ni mo gbà kún un.

Mo fẹ́ sọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí nígbà tó yé mi ni ọkàn mi tó balẹ̀. Ìyá bàbá mi, Bùnú ni wọ́n ti wá, ahunṣọ ni wọ́n, nínú àwọn obìnrin tó ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró. Mo máa ń jókòó tì wọ́n. Tí òwú òòró bá wà lórí òfì láìtíì sí òwú ìbú tó dè é, o lè fi ìka tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún bó ṣe wù ọ́. Ìgbà tí ìbú bá ti há a pọ̀ ló tó di aṣọ. Òwú ló kún inú kọ́níà náà, òwú tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, kólájínì ni wọ́n ń pè é. Tèmi, ohun tó dè é pọ̀ ti dẹ̀. Fítámì B2 ni wọ́n máa ń kán sí i títí á fi wọ inú rẹ̀ (B2 yìí náà ló wà nínú B.co tí gbogbo wa ń gbé mì, tó máa ń sọ ìtọ̀ di yẹ́lò). Wọ́n á wá tan ìtànṣán kan sí i, irú èyí tó wà nínú oòrùn tí ojú kì í rí. Fítámì àti ìtànṣán náà, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, á jà, á sì so àwọn òwú náà mọ́ ara wọn lọ́tun. Ìbú tuntun lórí òfì àtijọ́. Kò sọ aṣọ tó ti fà di aṣọ tí kò fà. Kò kàn ní jẹ́ kó fà sí i.

Dókítà tún sọ nǹkan kan tó pa mí lẹ́rìn-ín: ó ní wọ́n ti kíyè sí i tipẹ́ pé àrùn yìí kì í sábà le lójú àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, torí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ń so òwú wọ̀nyẹn pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lọ bu omi ṣúgà sójú o! Mo mọ̀ wá. Bí Apólò bá ti dé, mo mọ ohun tí a máa ń kán sójú.

Ìlú Dresden ní Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Wollensak, Spoerl àti Seiler ló gbé àbájáde rẹ̀ lára àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ jáde ní 2003, èèyàn 22 péré ni wọ́n. Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i títí di 2016. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo dárí ji ẹni tó ta awò ìkẹta fún mi díẹ̀. Díẹ̀ ni o.

Ọjọ́ náà kò ní ariwo rárá. Mo ti rò pé màá sùn, wọn ò pa oorun fún mi. Ẹ̀kán tó ń mú ojú kú ni wọ́n kán sí mi, wọ́n fi wáyà kékeré kan la ìpéǹpéjú mi kó má lè padé. Nígbà tí dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ká awọ òkè náà, mi ò mọ ìrora kankan, mo kàn ń rí bí ayé ṣe ń yí padà bí ìgbà tí èèyàn ń nu dígí mọ́tò pẹ̀lú àkísà tútù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀kán yẹ́lò bẹ̀rẹ̀, ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gbogbo yàrá di yẹ́lò. Wọ́n gbé ohun tí wọ́n fi ń wọn nípọn wá: 368. Wọ́n yí ẹ̀kán padà sí èyí tó ń mú un wú. Wọ́n dúró, wọ́n wọ̀n ọ́n: 389. Nọ́ọ̀sì ń ka nọ́ńbà jáde bí ẹni ń ka èsì ìbò. Mo ń gbàdúrà sí máíkírọ́ọ̀nù, nǹkan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí lọ́dún tó ṣáájú. 397. Ẹ̀kán sí i. 409. Dókítà ní, "Ó ti tó. Ẹ tan iná."

Iná náà búlúù, ó ní àwọ̀ elése-àlùkò díẹ̀, ó dà bí òṣùpá kékeré kan tó sún mọ́ni jù. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi wò ó. (Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń fi iná tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe é ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ti èmi, ọ̀nà àtijọ́ ni.) Iṣẹ́ rẹ kò ju pé kí o má gbé ojú kúrò. Mo ka gbogbo ìdílé wa láti orí bàbá ńlá, mo ka gbogbo ìlú láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, mo tún kà á padà. Wọ́n wá fi kọ́ńtáàtì lẹ́ńsì kan tó rọ̀ bo ojú náà bíi báńdéèjì, wọ́n ní kí n má yọ ọ́, ọjọ́ karùn-ún ni kí n padà wá.

Kubwa ni bọ̀ọ̀dá mi kan ń gbé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sùn. Wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́, mo ń pe màmá mi, mo ń ṣàwàdà. Nígbà tí oògùn ìpajú kú tán, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ fojú inú wo ata gígún àti iyanrìn pọ̀ lábẹ́ ìpéǹpéjú, tí ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Omi ń dà lójú méjèèjì, imú ń ṣàn, àyà mi ń já sí ìmọ́lẹ̀ fóònù tó wà ní yàrá kejì. Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi ń gé àlùbọ́sà ní kíṣìnnì, mo gbọ́ ọ lára láti inú pálọ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn ìrora láti gbé mì, ó ń ràn mí lọ́wọ́ fún wákàtí díẹ̀. Ohun tó wúlò fún mi jù ni ohun tí ẹnì kankan kò kọ sínú ìwé: aṣọ dúdú lójú fèrèsé, fáànù tí kò kọjú sí mi, àti ẹnì kan tó lè bá ọ kán oògùn láìkánjú. Ọjọ́ kẹta, mo la ojú fúnra mi. Ọjọ́ karùn-ún wọ́n yọ báńdéèjì, awọ òkè ti hù padà.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá kọ sára ògiri ni èyí: ojú náà máa ń kọ́kọ́ burú sí i. Oṣù àkọ́kọ́, ìkùukùu bo ohun gbogbo. Nọ́ńbà tó tóbi lójú fóònù, mi ò rí i. Mo pe Dókítà pẹ̀lú ìbínú, mo ní ẹ ti fọ́ mi lójú. Ó ní ìkùukùu yẹn wà nínú ìwòsàn náà, ó máa ń lọ láàárín oṣù mélòó kan, pé kí n má fi oògùn mi sílẹ̀, kí n má jẹ́ kí oòrùn bá mi lójú láìbo ó. Ó tún béèrè bóyá ojú ń pọ́n tàbí ó ń dùn mí, torí ìyẹn lè jẹ́ àmì pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́, kò sì yẹ kí n dúró di ọjọ́ àpọ́ìntìmẹ́ǹtì. Kò pọ́n. Ọmọ tó ń bá mi jókòó, tí mo ti fura sí nígbà yẹn, òun ló ń ka owó fún oṣù méjì. Kò sí kọ́bọ̀ tó sọnù.

Oṣù kẹta, ìkùukùu ká. Oṣù kẹfà: 57.3. Ọdún kan: 56.9. Ẹni tí kò mọ̀dí á ní, ṣé torí 0.9 lo ṣe fi owó ọ̀kadà sílẹ̀? Láàárín oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi ń ronú, 3.6 ló fi gòkè.

Ṣùgbọ́n 3 ṣì ń di 8 o. Ohun tó tún un ṣe ni lẹ́ńsì líle. Nígbà tí kọ́níà ti dúró, wọ́n wọ̀n mí fún lẹ́ńsì ńlá kan tó jókòó lórí ibi funfun ojú, tí kò fara kan ṣóńṣó náà, a máa ń da omi iyọ̀ tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ sínú rẹ̀ kí a tó fi sójú. Omi yẹn ló ń dí gbogbo págunpàgun náà, ó wá dọ́gba. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi í sójú, mo dé òde lálẹ́, mo wo òkè. Òṣùpá kan. Mo dúró níbẹ̀ títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí.

Lẹ́ńsì yìí ní wàhálà tirẹ̀, pàápàá nílùú tiwa. Omi kànga kò gbọ́dọ̀ kàn án, omi bọọ̀lì kò gbọ́dọ̀ kàn án, àní omi inú ọ̀rá; kòkòrò kan wà nínú omi tó lè wọ ojú, kó sì bà á jẹ́. Mi ò gbọ́dọ̀ fi í sùn. Tí ọyẹ́ bá le, mo máa ń yọ ọ́ lọ́sàn-án kí ojú sinmi. Omi iyọ̀ rẹ̀ kò sí ní Ìsánlú, àwọn awakọ̀ Àbújá ló ń bá mi gbé e bọ̀.

Ojú òsì, wọ́n ṣe é lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tó di 48.1. Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni bá mi ronú lẹ́ẹ̀kejì. Ó nípọn tó, kò sí pé a ń wú u. Ojú náà ń rí 13,000 bí 13,000 láìlo lẹ́ńsì, di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìrora ọjọ́ kejì rẹ̀ kò dín ní nǹkan kan, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ní ti ìyún, oògùn ẹ̀kán tí kì í ṣe sítẹ́rọ́ìdì ni mo ń lò báyìí, àti aṣọ tútù tí mo máa ń gbé lé ojú. Ọwọ́ ló ṣòro jù láti wò sàn. Tí mo bá sùn, ó máa ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé oṣù mélòó kan ni mo fi ń de ìbòjú sùn.

Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí ni àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 15. Àrùn yìí máa ń bá ìdílé kan lọ nígbà mìíràn, òun náà sì ń rin ojú. Mo mú un lọ sí Àbújá nínú ìsinmi. Ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, ó wo iná pupa. Máàpù rẹ̀ jáde, àwọ̀ ewé ló pọ̀ jù níbẹ̀. 43.1 àti 541, 43.4 àti 538. Dókítà ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún kan, ó kọ ẹ̀kán ìyún fún un, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ọwọ́ gan-an, ó ní kó máa wò mí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Àbúrò mi ní òun ti gbọ́, pé òun ò ní rin ojú mọ́ láéláé.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo gbé fèrèsé mọ́tò sókè nítòsí Obajana kí eruku tírélà tó dé. Mo bojú wẹ̀yìn. Oríkèé ìka rẹ̀ méjèèjì ti wà nínú ojú, ó ń rin ín, ó dijú, ó ń gbádùn ara rẹ̀. Mo gbá a lọ́wọ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré!"